Bẹ́ ẹ ṣe máa wo fíìmù ọkọ̀ abẹ́ omi kó má baà já yín kulẹ̀ bíi tèmi

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, àwa mẹ́rin la kó jọ sí yàrá kan ní Tanke, n'Ílọrin, a ra wàrà díndín, a dáwó dátà, torí fíìmù ọkọ̀ abẹ́ omi kan tí gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀. Kó tó pé wákàtí kan àwọn méjì ti sùn. Èmi ò sùn o, àmọ́ inú ń bí mi, torí irú fíìmù yìí ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tó jẹ́ pé eléyìí ló kọ́kọ́ wò rò pé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, etí lẹ máa fi wò ó. Tí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi bá ti wọlẹ̀ jìn, kò sí fèrèsé kankan tí wọ́n á gbà wòta, gbígbọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Sónà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró lábẹ́ omi, oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan kàn ń tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ ẹlòmíì ni, èkejì máa ń ta ìró jáde, ìró yẹn á lọ kan ọkọ̀ ọ̀tá á sì padà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo èkejì ti júwe ara ẹ̀ fún ọ̀tá nìyẹn, bí ìgbà téèyàn bá pe olè nínú òkùnkùn, olè náà ti mọ ibi tó wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rù irú fíìmù yìí wà. Torí náà ẹ jẹ́ kí fóònù tàbí laptop kún fún chárjì kẹ́ ẹ lè pa jẹnẹrétọ̀, ẹ ki íápíìsì bọ etí. Nínú eléyìí tá a wò, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, orin ńlá ṣì ń dún gbàmù-gbàmù lórí wọn, níbo lẹ̀rù ti fẹ́ bà mí?

Ẹ tún wò ó bóyá omi fúnra ẹ̀ ń jà. Ní gbogbo mítà 10 tí ọkọ̀ bá wọlẹ̀ sí i, omi á fi ìwúwo tó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa kún èyí tó ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí irin fi ń ké, tí gbogbo wọn ń wo aago tó ń ka jíjìn, tí òógùn ń bọ́. Ẹ má sọ pé ẹ ti rí ìyẹn rí. Bí orin dàdàkúàdà ti Ìlọrin ni, ẹ kúkú mọ̀ pé wọ́n máa ki èèyàn, bí wọ́n ṣe máa kì í lẹ wá gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjà ọ̀gá ọkọ̀ àti igbákejì ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣòro fún yín láti dá ẹni tó jàre mọ̀. Nínú Crimson Tide, 1995, iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wọn gé láàárín, Gene Hackman tó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ní káwọn ju àdó olóró, Denzel Washington tó ṣe igbákejì ẹ̀ ní káwọn gbọ́ ìyókù ná. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ní October 1962 lẹ́bàá Cuba, àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń ju ohun abúgbàù kéékèèké sórí ọkọ̀ B-59 ti Rọ́ṣíà, tọ́pídò níúkílíà, ìyẹn àdó olóró tó ń gba inú omi lọ, sì wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé inú bí ọ̀gá ọkọ̀ débi tó fẹ́ jù ú, Vasily Arkhipov, ọ̀gá ológun kan tó wà nínú ọkọ̀ náà, wà lára àwọn tó pẹ̀tù sí i nínú. Nínú tiwa, ọ̀gá ti burú láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí la tún fẹ́ máa rò?

Tí ìṣẹ́jú 20 bá kọjá tẹ́ ò rí ọ̀kankan nínú àwọn nǹkan yìí, ẹ pa á, ẹ fi dátà yín wá Das Boot ti Wolfgang Petersen, 1981. Èyí tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ máa ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n tún gé ní 1997 lé ní wákàtí mẹ́ta o, tẹ́ ẹ bá ti kírun Iṣáì tán kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.