Owó kánsù ní Ìlú Ọba: ẹ má dúró de ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Master's rẹ̀ ya fọ́tò lẹ́tà kan tí kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, fi ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè pa eléyìí tì? Akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà ni mí, mi ò tíì gba ìwé ẹ̀rí." Àyà mi já. Irú lẹ́tà yẹn gan-an, àti irú èrò yẹn gan-an, ló gba £1,217 lọ́wọ́ èmi àti ìyàwó mi ní ọdún 2023. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti wá, ẹ fara balẹ̀ kà á tán. Ẹ́ńgílándì ni mò ń sọ o. Scotland àti Wales ní ìlànà tiwọn.

Ti ilé gbígbà fúnra rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ gba share code yín lórí ìkànnì ìjọba kí éjẹ́ńtì lè rí i pé òfin gbà yín láàyè láti háyà ilé. Ẹ lọ wo ilé náà fúnra yín tàbí kí ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán. Ẹ má sanwó ilé tí ojú kankan kò tíì rí. Láti ọdún 2019 ni òfin ti fagi lé owó éjẹ́ńtì lọ́rùn ayálégbé. Dìpọ́síìtì kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ bí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000, onílé sì gbọ́dọ̀ fi sábẹ́ ààbò ọ̀kan nínú àwọn àjọ mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní ti àdéhùn tuntun láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2026, onílé kò gbọdọ̀ ní kí ẹ san ju owó oṣù kan lọ ṣáájú. Ó tán. Èyí tí àwọn èèyàn kì í sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni owó kejì tó rọ̀ mọ́ ilé, tí kì í ṣe ti onílé, tí kì í ṣe ti iná, tí kì í sì í ṣe ti omi.

Council tax ni orúkọ rẹ̀. Owó kánsù ni àwa ń pè é. Ẹni tó ń gbé inú ilé ló sábà máa ń san án, kì í ṣe ẹni tó ni ilé. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó pàǹtírí, lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé kí a má san án. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbà á.

Ẹ wo ìṣirò náà ná. Gbogbo ilé ló wà ní ìpele kan láti A dé H, ohun tí wọ́n sì fi pín wọn ni iye tí ilé náà ì bá tà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1991. Ilé tí wọ́n kọ́ tán lọ́dún tó kọjá pàápàá, iye tí ì bá tà ní 1991 ni wọ́n máa wá fún un. Owó orí kan ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn aráàlú torí rẹ̀ dà sí ìgboro ní Trafalgar Square ní oṣù Kẹta 1990 tí ìjà ńlá fi ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kánjú fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, àwọn tí wọ́n ní kó díye lé ilé kàn ń wa mọ́tò kọjá níwájú ọ̀pọ̀ ilé ni, wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Iye yẹn ni wọ́n ṣì ń lò. Wales ti tún tiwọn ṣe, iye ọdún 2003 ni wọ́n ń lò. Ẹ́ńgílándì kò fọwọ́ kàn án. Nínú kánsù kan náà, ilé tó tóbi jù lọ ní ìpele H kò san ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ilé ìpele A ń san. Bí ẹ bá sì kúrò ní kánsù kan bọ́ sí òmíràn, ó tún burú sí i: ilé olówó ńlá ní ìpele H ní Westminster ń san owó tó kéré sí ti ilé ìpele D ní Nottingham. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó ló ń san èyí tó pọ̀ jù.

Bí ẹ bá rí i pé ìpele ilé yín ga ju ti aládùúgbò tí ilé rẹ̀ jọ tiyín, ẹ lè pe ìpele náà níjà láàárín oṣù mẹ́fà tí owó náà bọ́ sí yín lọ́rùn. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé e sókè dípò kí wọ́n gbé e wálẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yẹ ìpele àwọn ilé àdúgbò wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ohun tó gbé mi ṣubú. Ilé tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ full-time ni gbogbo àgbàlagbà inú rẹ̀ kì í san owó kánsù rárá. Ẹ óò gba lẹ́tà lọ́dọ̀ yunifásítì, ẹ óò fi ránṣẹ́ sí kánsù, wọ́n á sì yọ yín. Mo dé ní oṣù Kẹsàn-án 2021, sí ìlú kan ní àríwá Ẹ́ńgílándì, fún ẹ̀kọ́ ọdún kan. Ìyàwó mi bá mi wá. Wọ́n yọ àwa méjèèjì (màá ṣàlàyé ti ìyàwó tó bá akẹ́kọ̀ọ́ wá nísàlẹ̀), mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà yunifásítì kọ ọ́ kedere pé ẹ̀kọ́ mi máa parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2022. Mo ka lẹ́tà yẹn, mi ò ka ọjọ́ yẹn. Lójú tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí títí di ọjọ́ tí mo bá wọ gáùnù. Èsì kò tíì jáde, ayẹyẹ di oṣù Kìíní, físà mi ṣì ní oṣù mẹ́rin nílẹ̀.

Kánsù kò wo ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyẹn. Wọn kò wo físà, wọn kò wo ayẹyẹ, wọn kò wo ìgbà tí èsì jáde. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ parí lórí ìwé yunifásítì ni wọ́n ń wò. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, owó ti ń kà lórí yín, yálà ẹ ti ríṣẹ́ tàbí ẹ ò tíì rí. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ lọ mú lẹ́tà yín báyìí, kí ẹ kọ ọjọ́ yẹn sára ògiri. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ óò rántí. Èmi náà rò pé màá rántí.

Ní oṣù Kọkànlá 2022, bíìlì £812 dé, láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kẹta. Mo gbà pé àṣìṣe ni. Mo pe kánsù. Ìsinmi mi níbi iṣẹ́ kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, nítorí náà ìpè méjì àkọ́kọ́ ni mo já sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e. Ní ọjọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo di fóònù mú fún ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta kí obìnrin kan tó dáhùn. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ní òun ti dá bíìlì náà dúró, kí n má san nǹkan kan títí lẹ́tà mìíràn á fi dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀, mi ò gba nọ́ńbà ìtọ́kasí, mi ò ní kó fi ímeèlì kan ránṣẹ́ láti fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo gbé lọ sílé.

Ní oṣù Kejìlá, lẹ́tà ìránnilétí dé. Mo ní lẹ́tà yìí ti kúrò lọ́dọ̀ wọn kí obìnrin yẹn tó bá mi sọ̀rọ̀ ni. Ní oṣù Kìíní, ìwé ìpè sí kóòtù dé, wọ́n ti fi £95 kún un. Mo tún pè, ọkùnrin kan ló gbé e, ó ní kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé ẹnikẹ́ni dá nǹkan dúró. Ó ní kí n kọ ímeèlì. Mo kọ ọ́. Ọjọ́ kóòtù pé kí wọ́n tó fèsì. Mi ò lè lọ, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n máa ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ ka iwájú adájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á pàṣẹ lé e lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ dé ọwọ́ béèlífù, akódà ayé ìsinsìnyí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sí wa ti fi £75 kún gbèsè náà. Ọjọ́ tí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn dé ẹnu ọ̀nà, £235 mìíràn ni. Èmi kò sí nílé. Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn, ó kí i, ó fún un ní àga, bí a ṣe tọ́ ọ. Ọkùnrin náà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà wa sílẹ̀. Owó àjọ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, tí a fẹ́ fi tọrọ físà tuntun, ni a fi san án lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ gbọ́ o. Béèlífù tó wá fún owó kánsù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi tipátipá wọlé ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má ṣílẹ̀kùn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, kò sí àrífín níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ wá láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Bí ó bá ti wọlé tó sì ti kọ ẹrù yín sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn, ó lè pa dà wá fi agbára wọlé nítorí rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yára pọ̀ jù fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá tàsé owó oṣù kan, ìránnilétí á dé, ọjọ́ méje péré ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá san, àǹfààní sísan díẹ̀díẹ̀ á bọ́, gbogbo èyí tó kù nínú ọdún á di ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù. Tí kóòtù bá ti pàṣẹ, wọ́n lè gé e lára owó oṣù yín tàbí kí wọ́n rán béèlífù. Wọ́n ṣì kọ ọ́ sínú òfin Ẹ́ńgílándì pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san lè lọ sẹ́wọ̀n títí dé oṣù mẹ́ta. Wales ti fa ìyẹn yọ ní 2019. Inú mi ń bàjẹ́ pé Ẹ́ńgílándì kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kíkọ ni ẹ máa kọ ọ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ kọ ímeèlì lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: nọ́ńbà àkáǹtì yín, ọjọ́ àti aago tí ẹ pè, orúkọ ẹni tó dáhùn, ohun tó sọ. Ẹ ní kí wọ́n dá gbígba owó náà dúró títí wọ́n á fi fèsì. Bí ẹ kò bá lè san án ní oṣù mẹ́wàá tí wọ́n sábà máa ń pín in sí, ẹ ní kí wọ́n pín in sí méjìlá. Bí ọwọ́ bá há pátápátá, kánsù lágbára lábẹ́ òfin láti dín in kù fún yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ béèrè. Bí ẹ bá gbà pé owó náà kì í ṣe tiyín rárá, ẹ kọ̀wé sí kánsù. Bí oṣù méjì bá kọjá láìsí èsì tó tọ́, ẹ gbé e lọ sí Valuation Tribunal for England, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kánsù, wọn kì í gba owó. Ìwà àìnáání tí wọ́n hù sí yín ní ti tirẹ̀, kánsù ni ẹ kọ́kọ́ máa fẹjọ́ sùn, lẹ́yìn náà Local Government and Social Care Ombudsman, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí kánsù. Ẹ̀tọ́ yín tún ni láti béèrè ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí ẹ pè, oṣù kan ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Ohùn obìnrin náà wà níbẹ̀, gbogbo ohun tó sọ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, wọ́n dá £95 kóòtù pa dà fún mi. Owó béèlífù kò pa dà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe PhD tí ìyàwó tàbí ọkọ bá yín wá, ọ̀pọ̀ kánsù máa ń sọ pé ẹnì kejì gbọ́dọ̀ san nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọmọ Ìlú Ọba, tí físà rẹ̀ sì kà á léèwọ̀ fún un láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba, wọn kò gbọdọ̀ kà á mọ́ àwọn tó ń san níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ya ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí físà rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń dá gbé, tàbí tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo ẹni tó bá a gbélé, kó béèrè pé kí wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà kúrò. Ẹni tó háyà yàrá kan ṣoṣo, tí olúkúlùkù nínú ilé ní àdéhùn tirẹ̀, onílé ló ni owó kánsù ibẹ̀. Mo mọ àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń gba "owó kánsù" lọ́wọ́ ọmọ tuntun lóṣooṣù láìfi bíìlì kankan hàn án. Ẹ ní kí wọ́n fi bíìlì hàn yín.

Àbúrò mi yẹn, ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ló wà lórí lẹ́tà yunifásítì rẹ̀. Òun náà kò rí i títí mo fi ní kó ṣí i. A jọ kọ ímeèlì náà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn lórí fóònù, ó sọ fún wọn pé òun máa san láti ọjọ́ 13, kí wọ́n pín in fún òun dé oṣù Kẹta. Nọ́ńbà ìtọ́kasí dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí èmi náà, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi.