Bí a ṣe ń kọ́ wúrà fífọ̀ lágbàlá ilé l'Ábùjá

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí ooru bá ti mú, etí odò ni wọ́n ń kó ìdílé wọn lọ, wọn a máa fọ yanrìn wá wúrà. Àkókò yẹn gan-an ni òjò ń rọ̀ ní Kubwa tiwa, tí àwọn ọmọ wà ní ọlidé gígùn. Àgbàlá ni àwa ti ń ṣe é. Lọ́nà kìíní, odò kún. Lọ́nà kejì, òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Ẹni tí kò gbàwé àṣẹ kò gbọdọ̀ wá a.

Ẹ bu yanrìn odò, irú èyí tí tìpà ń já fáwọn bíríkìlà. Ẹ lọ bá ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́, kó fún yín ní èérún idẹ. Idẹ ni wúrà wa. Omi lítà kan, kílò kan ni. Idẹ tó gba àyè kan náà lé ní kílò 8. Wúrà fúnra rẹ̀, kílò 19. Òkúta inú yanrìn kì í tó 3. Ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹ bu yanrìn sí abọ́ pẹrẹsẹ, kó dé ìdajì. Ẹ ka èérún idẹ 20 sí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ rì í sínú báàfù omi, ẹ kán omi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí èérún wẹ́wẹ́ má baà léfòó. Ẹ fọwọ́ rò ó, ẹ ṣa òkúta ńláńlá dànù.

Wàyí o, ẹ gbọn abọ́ lọ́tùn-ún lósì nínú omi. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa! Ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń kánjú nìyí. Ohun tó wúwo ní láti ráyè rìlẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ abọ́ síwájú díẹ̀, kí omi gbá yanrìn òkè lọ, díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé e dúró, ẹ tún gbọ̀n ọ́n. Bí a ṣe ń yọ òkúta ìrẹsì Ọ̀fàdà gẹ́lẹ́ ni: ìrẹsì á bómi lọ, òkúta á jókòó. Màmá kan tó ń ta oúnjẹ ládùúgbò wa rí 19 nínú 20 lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dán an wò. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ẹnjiníà rí 7, ó ní abọ́ òun ni kò dáa.

Bó bá ku yanrìn dúdú, ẹ fi ọ̀rá wé òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi fa dúdú náà kúrò. Ẹ ó rí pupa idẹ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ bí ìrù.

Àwọn ọmọ á pariwo pé àwọn rí wúrà gidi. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sábẹ́ òjìji. Èyí tó ń dán lóòrùn, tó wá kú lábẹ́ òjìji, kì í ṣe wúrà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òkúta ìwakùsà wálé láti lọ̀ ọ́ o. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé.

Kí gbogbo yín fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹ àkàrà. Ẹ má da omi tó kù sí gọ́tà, yanrìn á dí i. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà á sí, owó mẹ́rúwà kì í ṣe kékeré.