Bí mo ṣe ka ègé DNA alárìnká nínú bakitéríà ara àwọ̀

Staphylococcus epidermidis ni mo mú. Kò sẹ́ni tí kò sí lára àwọ̀ rẹ̀, kì í sì í sábà fa wàhálà àfi tó bá rí ọ̀nà wọnú ara, pàápàá lórí irin tàbí rọ́bà tí dókítà fi sínú aláìsàn. Mo fẹ́ mọ bí àwọn ègé DNA tó ń ṣí kiri nínú rẹ̀ ṣe yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí òmíràn.

Mo wa jínọ́ọ̀mù wọn, ìyẹn gbogbo DNA wọn, jáde ní NCBI, àkójọ ìsọfúnni jíìnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi BLAST, irinṣẹ́ tó ń wá DNA tó jọra, wá mecA, jíìnì tí kì í jẹ́ kí oògùn methicillin pa bakitéríà. Inú ègé alárìnká tí wọ́n ń pè ní SCCmec ló máa ń wà. Mo kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀yà bakitéríà yìí méjì tí gbogbo ayé ti mọ̀: RP62A ní in, ATCC 12228 kò ní in. Bó ṣe jáde náà nìyẹn. Ìrọ̀rùn parí síbẹ̀.

Ọwọ́ IS256, ègé alárìnká kékeré mìíràn, ni mo ti rí màbo. Lẹ́tà DNA 1,324 péré ni gbogbo gígùn rẹ̀. Nínú RP62A, ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí, òun náà tún gé létí. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyàtọ̀ ńlá rèé! Ìgbà tí mo wo ibi tó jókòó sí ni ara fu mí: gẹ́lẹ́ ibi tí jínọ́ọ̀mù náà ti já ni.

Lẹ́tà bí 150 ni ẹ̀rọ tó ka àwọn jínọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn ń kà lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ẹ̀dà IS256 sì jọra bí ìbejì, nítorí náà kọ̀ǹpútà kó wọn jọ sójú kan. Mo da àwọn ègé tí ẹ̀rọ kà padà sórí rẹ̀, mo ka iye wọn tó gun orí ojú kan: níbòmíràn, bí 60; lórí IS256, ó lé ní 400. A jẹ́ pé ẹ̀dà rẹ̀ tó méje, tí wọ́n gun ara wọn.

Mo wá lọ kó àwọn jínọ́ọ̀mù tí ẹ̀rọ ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Níbẹ̀ ni mo ti rí ipasẹ̀ IS256: lẹ́tà mẹ́jọ tó ṣáájú rẹ̀ náà ló tún tẹ̀ lé e. Ọ̀kan tiẹ̀ já sí àárín icaC, ọ̀kan lára àwọn jíìnì tí bakitéríà fi ń ṣe oje yíyọ̀ tó fi ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Tó bá wọ ibẹ̀, oje yẹn dáwọ́ dúró. Tó bá jáde láìfi àpá sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo fi mecA sílẹ̀ bó ṣe wà nínú tábìlì mi, àmọ́ mo pa gbogbo iye IS256 tó wá láti ara ègé kúkúrú rẹ́. Ó lé ní ìdajì. Mo sì ti ya àwòrán rẹ̀ tán.