Ẹ̀rọ lórí, ọ̀rọ̀ lẹ́nu: bí ẹ ṣe lè tẹ̀lé ẹni yín gba ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òkè-Àdó ní Ìbàdàn níbí ni mo sì ń gbé. Láti ìgbà tí àwọn aládùúgbò ti gbọ́ pé mo tẹ̀lé àbúrò mi ọkùnrin gba ìtọ́jú ẹ̀rọ òòfà ní Manchester, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Màmá, ṣé ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́?" Ó ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Wọ́n so ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, èyí sì ni àwọn ẹbí máa ń gbójú fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ẹbí lè bá aláìsàn ṣe.

Kí ẹ tó máa béèrè ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ mọ bí àìsàn náà ṣe le tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kò ní sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Wọ́n á ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lára, oorun ò wá. Ìbéèrè mẹ́sàn-án kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní PHQ-9. Ó ń béèrè bí nǹkan ṣe rí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: oorun, oúnjẹ, agbára, ìfẹ́ sí nǹkan, àti bóyá ènìyàn ń rò pé ikú sàn ju ayé lọ. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní àmì, láti 0 (kò ṣẹlẹ̀ rárá) dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 27. Tó bá ti tó 10, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ ra ìwé àjákọ kan, kí ẹ máa kọ àmì náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni èmi àti àbúrò mi ń ṣe tiwa. Tí ìdáhùn sí ìbéèrè ikú yẹn bá ju òdo lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín: ẹ má fi ẹni náà sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn èkúté kúrò nílé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Orúkọ ẹ̀rọ náà ni TMS. Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn ní Sheffield ní 1985. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní 2008, àjọ NICE tó ń gba àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú sì fọwọ́ sí i ní 2015. Wáyà tí wọ́n ká ni, wọ́n fi ike bò ó, wọ́n á sì gbé e lé iwájú orí lápá òsì. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá ló ń di agbára òòfà tó ń la agbárí kọjá láti ta apá ọpọlọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jí. Kò sí abẹ́rẹ́, wọn kì í fi oògùn kun ènìyàn lóorun. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹyẹ akókó ń gbẹ́ igi létí ènìyàn, nítorí náà wọ́n á fi nǹkan dí etí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á máa wá ìwọ̀n agbára tó bá ẹni náà mu títí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á fi máa ta fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ti àtijọ́ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 37 lẹ́ẹ̀kan. Ìlànà tuntun kan wà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 414 ní Kánádà, tó jáde ní 2018, sì fi hàn pé kò rẹ̀yìn sí ti àtijọ́. Orí fífọ́ àti awọ orí tó ń dunni ló wọ́pọ̀ jù nínú ìnira rẹ̀. Gìrì lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà. Ṣé wárápá ti mú un rí? Ṣé irin wà nínú orí rẹ̀, tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbìn sínú etí? Ṣé ẹ̀rọ ń bá ọkàn rẹ̀ lù? Ṣé ó ń mu ọtí, ṣé ó ń sùn? Àìsùn àti ọtí lè mú kí gìrì súnmọ́ni. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan àgbo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró torí pé ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń béèrè owó, ẹ béèrè iye gbogbo ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iye ọjọ́ kan ṣoṣo máa ń tan ènìyàn jẹ.

Ọ̀rọ̀ sísọ wá kàn. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: "Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀, ọjọ́ wo sì ni?" Tí wọ́n bá ní kó di ìgbà tí ẹ̀rọ bá parí, ẹ bẹ̀ wọ́n kó wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní Netherlands, wọ́n tẹ̀lé ènìyàn 196 tó gba méjèèjì pọ̀. Ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn wọn dín kù tó ìdajì, ìdá 56 sì bọ́ nínú rẹ̀ lákòókò náà. Wọn ò fi wọ́n wé ẹni tó gba ẹ̀rọ nìkan, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ ìdá tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀. Èmi ṣì gbà pé kí wọ́n ṣe é pọ̀, torí ohun tí mo fojú ara mi rí.

Òwò àbúrò mi ti kógbá sílé kó tó ṣàìsàn. Kì í gbé fóònù ẹnikẹ́ni láti Ìbàdàn mọ́, ó gbà pé gbogbo ìlú ló ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Obìnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò bá a jiyàn. Ó ní kó kọ ohun tó fi mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì kọ ohun tí kò bá a mu sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà ó ní kó pe ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo, kó wò ó. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Mọ́níyà. Ọkùnrin yẹn ti ń wá a tipẹ́, kò tiẹ̀ gbọ́ ohunkóhun nípa òwò. "Àǹtí mi," ló wí fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, "kò mọ̀ rárá o." Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àṣetiléwá, ó sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ̀ ṣe ń padà.

Iṣẹ́ ẹbí nìyí. Ẹ má sọ fún un pé kó ṣọkàn gírí. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ kékeré, àkókò rẹ̀ àti ibi tí ẹ ó ti ṣe é: "Ní aago méje àárọ̀, a ó jọ rìn dé Mọ́lété." Nígbà tí àbúrò mi padà wálé, òun ló ń lọ ra ewédú, tó tún ń já a fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ dùn o, kò dùn o. Kó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ṣe é, kó sì kọ bí ara òun ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Tí pásítọ̀ tàbí ààfáà bá fẹ́ gbàdúrà, ó dára, kó ṣáà má bọ́ sí àkókò ìtọ́jú, kí wọ́n má sì fi ààwẹ̀ dá a dúró.

Ẹ má ra ẹ̀rọ iná tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. tDCS ni wọ́n ń pè é, iná díẹ̀ ló ń fi sí orí, kì í ṣe òòfà bíi ti TMS. Ní Jámánì, wọ́n so ó mọ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ fún àwọn aláìsàn, wọ́n sì rí i ní 2022 pé kò fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ nìkan. ECT, ìyẹn iná tí ilé ìwòsàn ọpọlọ wa ń fi sí orí aláìsàn, yàtọ̀ sí méjèèjì. Ó ń mú gìrì wá lábẹ́ oògùn oorun, ó lè da ìrántí rú fúngbà díẹ̀, àmọ́ fún ẹni tí kò jẹun mọ́ tàbí tí ikú ti súnmọ́, ó lè gbẹ̀mí là. Ẹ má tìtorí ohun tí ẹ rí nínú fíìmù kọ̀ ọ́.

Tí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ má dúró dè é. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn nínú ìwádìí tó jáde ní 2019 pé òṣìṣẹ́ irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ lè tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bí wọ́n bá kọ́ wọn, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ń gbádùn.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá parí, ẹ má pa ìwé yẹn tì. Ẹ máa kọ àmì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lọ, kí ọ̀rọ̀ sísọ náà sì máa bá a lọ. Tí àmì bá ń gòkè lọ́sẹ̀ méjì léraléra, ẹ pe ilé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n rí i kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé.