Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Sítáì Pílánù Jọ Síbì Kan Nínú AutoCAD, Kí Gbogbo Ọ́fíìsì Lè Máa Yà Bákan Náà

Mo gbé pílánù ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sínú fílááṣì, mo sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ pílánù jáde. Àwa mẹ́ta la jọ fi AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya pílánù, ya ilé náà. Èmi ni mo ya ìsàlẹ̀, ẹnì kan ya òkè, ẹnì kẹta ya òrùlé. Ojú ìwé tèmi jáde dáadáa. Lórí ti òkè, àga àti bẹ́ẹ̀dì nípọn ju ògiri lọ. Ti òrùlé ni mo rí tí ẹnu mi wọhò: pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi káréọ́nù ṣeré. Ọ̀gá wa tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ṣé ilé kan náà lẹ jọ ń yà yìí?"

Kò sẹ́ni tó ya ilé náà gbòdì. Sítáì, ìyẹn ètò bí ìlà, àwọ̀ àti lẹ́tà ṣe máa rí, tí kálukú gbé wá látilé ló fa wàhálà. Ẹni tó ya òkè ṣí iṣẹ́ àtijọ́ kan, ó pa ilé inú rẹ̀ rẹ́, ó sì ń ya tuntun síbẹ̀. Gbogbo ìlà tó nípọn sódì nínú iṣẹ́ àtijọ́ ló bá a wá. Ẹni tó ya òrùlé lo fáìlì CTB (èyí tó ń sọ bí àwọ̀ àti ìlà ṣe máa jáde lórí bébà) tó wà lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ nìkan. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wá fáìlì náà tì, ló bá tẹ àwọ̀ bó ṣe rí i. Bẹ́ ẹ bá ní kí ẹbí wọ àǹkóò, tẹ́ ẹ wá ní kí kálukú lọ ra aṣọ tó bá wù ú lọ́jà, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa rí lọ́jọ́ òde.

Bí a ṣe tún un ṣe ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí. Ọ́fíìsì ayàwòrán ilé tó ní èèyàn mẹ́ta sí mẹ́wàá ni mo ní lọ́kàn.

Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí AutoCAD, ẹ tẹ pílánù mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ṣe parí jáde, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú bírò dání. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ pinnu ò ju mẹ́rin lọ: orúkọ layer, bí ìlà ṣe máa nípọn tó, gíga lẹ́tà, àti ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa fi yà.

Layer dà bí bébà tí ojú ń rí òdìkejì rẹ̀, tí a tò léra wọn: ògiri wà lórí ọ̀kan, ilẹ̀kùn lórí òmíràn, nọ́ńbà ìwọ̀n lórí ẹ̀kẹta. Nínú fáìlì wa kan mo rí WALL, Wall2, WALLS NEW àti OGIRI, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé tí wọ́n ń pè ní AIA ti gbé ìlànà orúkọ layer jáde láti ọdún 1990. Lẹ́tà kan ló ṣáájú láti sọ iṣẹ́ ẹni tó ni ín, dáàṣì tẹ̀ lé e, lẹ́tà mẹ́rin wá sọ ohun tí a yà. A-WALL ni ògiri, A-DOOR ni ilẹ̀kùn, A-GLAZ ni fèrèsé, S-COLS ni òpó. Èmi fẹ́ ká fi orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Yorùbá lè jẹ́ orúkọ layer o, àmọ́ ẹnjiníà tó máa gba fáìlì lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ rí òpó rẹ̀ láì pè yín lórí fóònù.

Layer bíi 20 sí 25 ti tó fún ilé gbígbé. Ẹ má gbé ọgọ́rùn-ún kalẹ̀. Ẹni tí ò bá tètè rí èyí tó ń wá láàárín ọgọ́rùn-ún, á dá tirẹ̀ sílẹ̀ ni.

Fún ìlà, ẹ mú nínú ìwọ̀n ISO: 0.13, 0.18, 0.25, 0.35, 0.5 àti 0.7 mílímítà. Mẹ́rin ti tó. Àwa ń lo 0.5 fún ògiri àti òpó tí a gé, 0.35 fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé, 0.25 fún lẹ́tà àti àtẹ̀gùn, 0.18 fún ìwọ̀n, àga àti bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́tà tó ga ní 2.5 mílímítà lórí bébà wà fún àlàyé, 3.5 fún orúkọ yàrá, 5 fún àkọlé.

Mílímítà tàbí mítà ńkọ́? Ayàwòrán ilé ń fi mílímítà yà, awọnlẹ̀ ń fi mítà ya sọ́fè. Bẹ́ ẹ bá fa sọ́fè wọlé láì sọ fún AutoCAD èwo ni èwo, ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 18 á jókòó síbẹ̀ bí ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ. INSUNITS, àṣẹ tẹ́ ẹ máa kọ sínú AutoCAD, ni ẹ máa fi yanjú rẹ̀: 4 ni mílímítà, 6 ni mítà. Bí 4 bá wà nínú fáìlì yín, tí 6 sì wà nínú ti awọnlẹ̀, AutoCAD fúnra rẹ̀ á fẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ nígbà tó bá ń wọlé.

Ibi tí wọ́n máa gbé

Ẹ dá fọ́dà kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo yín lè dé, kó jẹ́ èyí tó wà lórí inverter, torí bí iná bá lọ tí ilé sítáì náà bá kú, gbogbo ọ́fíìsì á jókòó. Nínú rẹ̀, ẹ ṣe fọ́dà márùn-ún: TEMPLATE, PLOT, BLOCK, FONT, STANDARD. Orúkọ kọ̀ǹpútà náà ni kẹ́ ẹ fi máa júwe ọ̀nà ibẹ̀, bíi \\SERVER\CAD. Ẹ má lo lẹ́tà Z: tàbí Y:, torí Z: tèmi lè jẹ́ fílááṣì lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú fọ́dà yìí. Àwọn yòókù á kàn máa mú níbẹ̀ ni. Ọ̀gá pàápàá wà lára àwọn yòókù. Àwọn ọ̀gá ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀, torí wọ́n máa ń kánjú. Bẹ́ ò bá ní server (irú kọ̀ǹpútà àjọlò yẹn), tí ẹ wá ń lo ibi ìtọ́jú fáìlì orí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi Dropbox tàbí OneDrive, òfin yìí tún le sí i, torí bí èèyàn méjì bá fọwọ́ kan fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dà méjì lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ojúlówó.

Fáìlì àwòṣe, DWT

Iṣẹ́ gan-an nìyí. DWT ni fáìlì tí gbogbo iṣẹ́ tuntun á máa ti ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ fáìlì tuntun láti ara acadiso.dwt tó bá AutoCAD wá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ara iṣẹ́ àtijọ́, bó ti wù kó mọ́ tó lójú yín.

Ẹ kọ́kọ́ to UNITS àti INSUNITS. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí LAYER, kí ẹ fún layer kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀, irú ìlà àti bí ìlà náà ṣe nípọn tó. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá yà, ByLayer ni kí àwọ̀ àti ìlà rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ni pé kó máa tẹ̀ lé ti layer tó wà. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ pa ògiri láwọ̀ ọ̀tọ̀, àtúnṣe tẹ́ ẹ bá ṣe lára layer ò ní kàn án. Bẹ́ ẹ bá rí fáìlì tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, SETBYLAYER ló ń tún un ṣe.

Fún lẹ́tà, STYLE. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán fẹ́ràn romans.shx nítorí pé ó fúyẹ́. Ẹ dán an wò: ẹ fi kọ orúkọ oníbàárà tó ní ẹ, ọ tàbí ṣ nínú. Àmì ìbéèrè lẹ máa rí níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Mo ti rí title block (àpótí tí orúkọ àti àkọlé iṣẹ́ máa ń wà lórí pílánù) tí orúkọ bàbá onílé kún fún àmì ìbéèrè, tí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Arial ní àwọn lẹ́tà wa, òun la sì ń lò.

Ohun kan tún wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Bẹ́ ẹ bá fún STYLE ní gíga kan pàtó, tẹ́ ẹ wá fi STYLE yẹn sínú DIMSTYLE (sítáì ìwọ̀n), gíga tẹ́ ẹ kọ sínú DIMSTYLE ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ máa yí i, ẹ máa yí i, nọ́ńbà ìwọ̀n náà ò ní mira. Ẹ fi gíga 0 sínú STYLE tó wà fún ìwọ̀n, wàhálà parí. Kẹ́ ẹ tún tẹ Annotative fún àwọn méjèèjì. Nígbà náà, ẹ kọ 2.5, AutoCAD á fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di 250 ní sikélì 1:100 àti 125 ní 1:50. Láyé àtijọ́, orí la fi ń ṣírò rẹ̀.

Ẹ wá to layout (ojú ìwé tí a máa tẹ̀ jáde) fún A3 àti A1, kẹ́ ẹ gbé title block sórí wọn. Ẹ ṣe SAVEAS, kẹ́ ẹ yan DWT, kó wọ inú TEMPLATE.

Dúdú tàbí àwọ̀

Níbí ni èmi àti àwọn àgbà iṣẹ́ ti máa ń jà. Wọ́n fẹ́ kí CTB máa fi àwọ̀ pinnu bí ìlà ṣe nípọn tó: pupa jẹ́ èyí, yẹ́lò jẹ́ tọ̀hún. Àwọ̀ 255 ló wà nínú rẹ̀, ta ló fẹ́ há a sórí? Èmi máa ń jẹ́ kí layer gbé bí ìlà ṣe nípọn tó dání, kí CTB kàn sọ ohun gbogbo di dúdú. Monochrome.ctb ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wà nínú gbogbo AutoCAD, tó fi mọ́ ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àga àti bẹ́ẹ̀dì ṣì bàìbàì, ẹ da monochrome.ctb kọ, ẹ fún ẹ̀dà náà lórúkọ tuntun, kẹ́ ẹ sọ Screening (bí ìlà ṣe máa bàìbàì tó) àwọ̀ 8 tí layer wọn ní di 50. Ẹ̀dà náà á wà nínú PLOT. Láti ọjọ́ náà, ẹ má gbé DWG (fáìlì AutoCAD fúnra rẹ̀) lásán jáde mọ́. Ẹ fi DWG To PDF.pc3 sọ ọ́ di PDF. Bí ẹnì kan bá ní DWG lòun fẹ́, ETRANSMIT á kó fọ́ńtì àti CTB pọ̀ mọ́ ọn.

Búlọ́ọ̀kù

Kì í ṣe èyí tí bíríkìlà ń tò o. Ilẹ̀kùn, ṣalángá oníwàátà, síńkì, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń yà lóòrèkóòrè, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí layer 0, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ByLayer, kẹ́ ẹ fi WBLOCK gbé e sínú fọ́dà BLOCK. Ohun tí a bá yà lórí layer 0 máa ń gba àwọ̀ layer tí a bá gbé e sí. Bẹ́ ẹ bá yí búlọ́ọ̀kù padà, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà pẹ̀lú, torí bí orúkọ yẹn bá ti wà nínú iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀, ti àtijọ́ ni AutoCAD á máa gbé jáde.

Ẹ so kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn

Ẹ kọ OPTIONS, kẹ́ ẹ lọ sí Files. Drawing Template File Location á máa tọ́ka sí TEMPLATE. Default Template File Name for QNEW á jẹ́ DWT yín gan-an. Plot Style Table Search Path á lọ sí PLOT. Ẹ fi FONT àti BLOCK kún Support File Search Path. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Profiles, ẹ tẹ Export, fáìlì ARG á jáde. Òun lẹ máa fi Import gbé wọlé lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó kù, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Yíyẹ iṣẹ́ wò

Ẹ ṣí DWT náà, kẹ́ ẹ tún fi SAVEAS sọ ọ́ di DWS (fáìlì ìlànà tí AutoCAD ń fi yẹ iṣẹ́ wò) sínú STANDARD. Ẹ padà sínú DWT, ẹ kọ STANDARDS, kẹ́ ẹ so DWS mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tuntun á ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́fíìsì, ẹ kọ CHECKSTANDARDS. Ó ń yẹ layer, sítáì lẹ́tà, sítáì ìwọ̀n àti irú ìlà wò, á sì fi èyí tó yapa hàn yín níkọ̀ọ̀kan. AutoCAD LT ò ní irinṣẹ́ yìí, ojú lẹ máa fi ṣe é níbẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ àtijọ́

Àtúnṣe inú DWT kì í wọ inú iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Fún ìyẹn, LAYTRANS ni, àṣẹ tó ń yí layer àtijọ́ padà sí ti ìlànà yín. Ẹ gbé DWS wọlé lápá ọ̀tún, ẹ tẹ Map same fún àwọn tí orúkọ wọn bára mu, kẹ́ ẹ fi Map so Wall2 àti OGIRI mọ́ A-WALL. Ẹ fi Save tọ́jú ìsopọ̀ náà, torí iṣẹ́ tó kàn á tún ní Wall2 tirẹ̀. Ẹ wá tẹ Translate, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi PURGE gbá ìdọ̀tí tó kù.

Àmọ́ ẹ má ṣe èyí fún iṣẹ́ tó ti wà ní sáìtì. Bébà tó wà lọ́wọ́ bíríkìlà ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tún pílánù náà tẹ̀, tí ìlà ibì kan wá nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á rò pé ẹ ti yí ògiri padà, á sì pe onílé kó tó pè yín.