Bí ẹ ṣe lè fi lékeléke wé mọ́ọ̀sì funfun ara ọ̀pẹ

Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ SS2 fi ẹyẹ irà wé mọ́ọ̀sì (ewéko kékeré tó máa ń hù mọ́ ara igi), ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ ni pé ẹyẹ ń fò, mọ́ọ̀sì kì í fò. Èmi kì í fún ìyẹn ní máàkì. Ohun tó jọra níbì kan ni kí ẹ mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yan funfun méjì: lékeléke (Bubulcus ibis) àti Octoblepharum albidum, mọ́ọ̀sì ara ọ̀pẹ tó dà bíi pé wọ́n ku eérú sí i lára.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ jáde. Bí òjò bá ti dé, ọ̀pọ̀ lékeléke á gba òkè Ọya lọ. Ẹ lọ sí Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta láàárọ̀, níbi tí màálù wà lẹ́bàá odò Ògùn (ẹ mú nǹkan tí ẹ máa fi bo imú o), tàbí àkùrọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó bá súnmọ́ yín. Ẹ wo bí lékeléke ṣe ń tọ màálù lẹ́yìn nínú koríko, tó ń ṣa tata tí ẹsẹ̀ màálù lé sókè. Ti mọ́ọ̀sì, ẹ wá ọ̀pẹ tó ti dàgbà, ẹ yẹ ìdí imọ̀ tó ti gé kúrò wò. Èyí tó tó èékánná kan ti tó.

Níbo ni funfun wọn ti wá? Ìyẹ́ lékeléke kò ní àwọ̀ kankan nínú. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tú ká lára rẹ̀ ni. Ní ti mọ́ọ̀sì, sẹ́ẹ̀lì òfìfo ló bo sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ lókè nísàlẹ̀. Ẹ kán omi sí i, àwọ̀ ewé á hàn síta. Ẹ kán an sórí ìyẹ́ tó já bọ́, omi á yọ̀ dànù. Kí ẹ fọwọ́ lẹ́yìn náà.

Ìbéèrè nípa omi ni mo fi ń mọ ọmọ tó wo nǹkan dáadáa. Mọ́ọ̀sì kò ní gbòǹgbò gidi, gbogbo ara ló fi ń mumi. Bí ọyẹ́ bá gbẹ ẹ, á dúró síbẹ̀ títí òjò á fi rọ̀, á sì jí padà. Lékeléke ní tiẹ̀, bí òjò bá ti dé, á ṣí lọ. Àtọ̀ mọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kó tó bá ẹyin. Lékeléke ń kọ́ ìtẹ́ sórí igi, takọtabo ló sì ń sàba, nǹkan bí ọjọ́ 24.

Ẹ pín ojú ìwé sí mẹ́ta: ìbéèrè, lékeléke, mọ́ọ̀sì. Ìbéèrè tí ẹ kò bá rí ìdáhùn kọ sí lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bí àpẹẹrẹ gígùn àgógó, ẹ fagi lé e.