Fọ́tò tó kún kọ̀ǹpútà ilé: ẹ jẹ́ kí digiKam tò ó

Ẹ̀yin ará Kétu àti Àjàṣẹ́, ẹ má fi ọwọ́ kó fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan láti fódà kan sí òmíràn mọ́. Ẹ gbé digiKam, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fọ́tò, sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac, ó sì ní èdè Faransé. Kì í ṣí fọ́tò nípò: ẹ kàn fi fódà tí wọ́n wà hàn án, á ka ọjọ́ tí kámẹ́rà kọ sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, á sì tò wọ́n tọdún-toṣù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ orúkọ mọ́ wọn: «Gẹ̀lẹ̀dẹ́», «Àkàbà Ìdènà», «ìkómọ». Fọ́tò kan lè gba orúkọ mẹ́ta láìsí pé ẹ ń dà á kọ síbi mẹ́ta. Àmọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ibi ìṣètò rẹ̀ (Settings) níbi Metadata, ìyẹn àlàyé tí fọ́tò gbé sínú, kí ẹ rí i pé ó ń kọ orúkọ wọ̀nyí sínú fọ́tò gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ dòfo nìyẹn. (Ẹni tó lo Picasa, ètò fọ́tò ti Google, títí Google fi pa á tì ní 2016 mọ ohun tí mò ń wí.) Ibi tó kù sí ni fọ́tò WhatsApp, torí WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ tí wọ́n yà á kúrò. Ẹ wo fọ́tò tó ń jẹ́ IMG-20240815-WA0007: ọjọ́ tó wọ fóònù ni 15/08/2024 yẹn. Ẹ kó irú wọn sí fódà tiwọn, kí ẹ fi ọwọ́ tún ọjọ́ èyí tó bá ṣe pàtàkì ṣe.